Āyah Tó Tẹ̀lé Ààwẹ̀: Nígbà Tí Alágbára Bá Dé Iwájú Adájọ́

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run.

  

Ìbéèrè ọmọdé ni ẹ̀kọ́ tòní ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ní ọmọ tí ẹ bí síbí, ó ṣeé ṣe kí òun náà ti bi yín rí. Ẹ ti ṣínu tán, dàbínù ti wọlé, àkàrà àti ẹ̀kọ ti tẹ̀lé e. Bàbá àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ń sọ̀rọ̀ Nàìjíríà: gómìnà tó kó owó ìlú, mínísítà tó ra ilé sí òkè òkun, ẹjọ́ tí wọ́n ti ń sún síwájú láti ìgbà tí ọmọ náà wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ọmọ gbé ojú kúrò lórí fóònù, ó ní, "Dádì, ṣé gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ó jalè? Kí ló wá dé tí wọn ò mú un?"

Ọ̀pọ̀ wa máa ń rẹ́rìn-ín. A ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò mọ Nàìjíríà." Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí sí ẹ̀gbẹ́ ààwẹ̀ wa.

Ibi tí āyah náà wà

Ẹ ṣí Al-Kùránì yín sí Sūratul-Baqarah. Láti āyah 183 dé 187 ni Ọlọ́hun ti sọ̀rọ̀ ààwẹ̀ fún wa: ta ló jẹ dandan fún, kí ni aláìsàn àti arìnrìn-àjò yóò ṣe, ìgbà wo ni a ó dúró jíjẹ, ìgbà wo ni a ó ṣínu. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wàásí Rámádánì máa ń dúró sí. Ẹ má dúró. Ẹ ka āyah 188 tó tẹ̀lé e. Níbẹ̀ ni Ọlọ́hun ti kọ̀ fún wa pé ká má jẹ owó ara wa ní ọ̀nà èrú, ká má sì gbé owó lọ bá àwọn tí ń dájọ́ kí a lè rí lára dúkìá àwọn èèyàn jẹ, nígbà tí a mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí Ọlọ́hun lò níbẹ̀ bá ọ̀rọ̀ korobá tí wọ́n fi ń fa omi tan. Ẹni tó ń fún adájọ́ ní rìbá dà bí ẹni tó so korobá mọ́ okùn, tó sọ̀ ọ́ sínú kànga: ó mọ ohun tó fẹ́ fà jáde.

Ẹ wá wo bí Ọlọ́hun ṣe tò ó. Oúnjẹ tó jẹ́ halālì ni a ń fi sílẹ̀ ní ọ̀sán Rámádánì. Bí a bá lè fi omi àti ìrẹsì tiwa sílẹ̀ nítorí Ọlọ́hun, kí ló yẹ ká ṣe sí owó tí kì í ṣe tiwa? Bí màgáríbì bá dé, ààwẹ̀ oúnjẹ parí. Ààwẹ̀ owó olówó kò ní màgáríbì.

Obìnrin ìdílé ńlá

Àìṣà, ìyá àwa onígbàgbọ́ (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i), ló gba ìtàn yìí wá, ó sì wà nínú Bukhārī àti Muslim. Obìnrin kan láti ìdílé Makhzūm, ọ̀kan nínú ìdílé tó lọ́lá jù láàárín àwọn Kùráẹ̀ṣì, jalè. Ọkàn àwọn èèyàn rẹ̀ kò balẹ̀. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò bá wọn bẹ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Wọ́n rò ó títí, wọ́n ní kò sẹ́ni tó láyà bẹ́ẹ̀ àfi Usāmah ọmọ Zayd, nítorí pé Ànábì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Usāmah lọ sọ ọ́. Inú Ànábì kò dùn. Ó dìde, ó bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. Ó ní ohun tó pa àwọn tó ṣáájú run ni pé bí ẹni ńlá bá jalè láàárín wọn, wọn a fi í sílẹ̀, bí ẹni tí kò lágbára bá jalè, wọn a jẹ ẹ́ níyà. Ó sì búra pé bó bá jẹ́ Fātimah ọmọ òun ló jalè, òfin kan náà ni òun ó lò fún un.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹnì kankan nínú àwọn Kùráẹ̀ṣì tó sọ pé obìnrin náà kò jalè. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "Ṣé ẹ mọ ọmọ ẹni tó jẹ́?" Láti ìgbà náà títí di òní, ibẹ̀ ni ẹjọ́ alágbára ti ń dojú rú.

Ẹjọ́ kan tó sún mọ́ ilé wa

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń gbà lọ síbi iṣẹ́ ni ẹ ó gbà débẹ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ District line ní Barking, ẹ sọ̀ ní Monument, ẹ rìn kọjá London Bridge, ẹ yà sí apá òsì létí odò Thames. Ilé-ẹjọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Southwark Crown Court. Níbẹ̀, ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2012, ni wọ́n ti sọ James Onanefe Ibori, tó ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Delta láti 1999 sí 2007, sí ẹ̀wọ̀n ọdún 13.

A kò sọ ọ́ láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkùnrin náà ti jìyà rẹ̀, ilẹ̀kùn ìrònúpìwàdà sì ṣí fún òun àti fún wa. Ohun tí a fẹ́ kọ́ ni ìdí tí ẹjọ́ náà fi ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Ògiri márùn-ún ló dúró níwájú rẹ̀.

*Ògiri kìíní ni òfin fúnra rẹ̀.* Abala 308 nínú òfin ilẹ̀ Nàìjíríà kò gbà kí wọ́n pe gómìnà tó wà lórí oyè lẹ́jọ́ ọ̀daràn. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni kí ẹjọ́ má dí i lọ́wọ́ iṣẹ́ ìlú. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́jọ gùn: ìwé lè sọnù, ẹlẹ́rìí lè kú, owó lè rìn jìnnà. Olóògbé Gani Fawehinmi, ọmọ Oǹdó, mùsùlùmí bíi tiwa, gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ, wọ́n sì dá a ní 2002 pé bí a kò bá tilẹ̀ lè pe gómìnà lẹ́jọ́, ọlọ́pàá lè wádìí rẹ̀. Ìlẹ̀kùn kékeré ni, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn ni.

*Ògiri kejì ni owó.* Nuhu Ribadu, tó jẹ́ olórí àjọ EFCC nígbà náà, sọ pé ní 2007 Ibori gbé mílíọ̀nù 15 owó dọ́là wá fún òun kí òun lè gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀, òun sì gbé e lọ sí báńkì àpapọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ibori ní òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà EFCC mú Ibori. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ní kí Ribadu fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó lọ kàwé ní Kuru. Korobá tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti rí i.

*Ògiri kẹta ni ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́.* Kàdúná ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ. Àwọn lọ́yà rẹ̀ jà á títí tí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fi ní Kàdúná kò láṣẹ lórí rẹ̀. Wọ́n gbé e wá sí Asaba, olú-ìlú ìpínlẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe gómìnà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 2009, adájọ́ da gbogbo ẹ̀sùn 170 nù, ó ní kó máa lọ ilé.

*Ògiri kẹrin ni àkókò.* Kì í ṣe Ibori nìkan ló bá a pàdé. Wọ́n pe Orji Uzor Kalu, tó ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Abia, lẹ́jọ́ ní 2007. Oṣù Kejìlá 2019 ni ilé-ẹjọ́ tó dá a lẹ́bi. Ní oṣù karùn-ún 2020, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ fagi lé e, nítorí pé wọ́n ti gbé adájọ́ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kó tó parí ẹjọ́ ọ̀hún. Ọdún 12, síbẹ̀ wọn kò tíì sọ ní àsọparí bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Ìyà ni èyí fún ìlú tó ń retí owó rẹ̀. Ìyà ni fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pẹ̀lú, bí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́.

*Ògiri karùn-ún ló ga jù: àwa èèyàn.* Nígbà tí ọlọ́pàá lọ mú Ibori ní ìlú rẹ̀, Oghara, ní oṣù kẹrin 2010, àwọn ọ̀dọ́ ìlú ló dìde tí wọ́n lé ọlọ́pàá padà. Ìlú tí omi rẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ àti ilé-ìwòsàn rẹ̀ yẹ kó ti ara owó náà jáde, òun ló fi àyà gba ọta fún ẹni tí wọ́n ní ó kó o. Kí ló fà á? Ọmọ wọn ni.

Bí ó ṣe dé Lọ́ńdọ̀nù

Ó kúrò nílé, ó lọ sí Dubai. Wọ́n mú un níbẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2010, wọ́n sì fà á lé ìjọba Bìrìtìkó lọ́wọ́ ní oṣù kẹrin 2011. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì 2012, ó gbà níwájú adájọ́ pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn mẹ́wàá. Ẹ ẹ̀ rí i? Ẹ̀sùn 170 ní Asaba, kò jẹ̀bi ọ̀kan. Ní Southwark, òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ gba mẹ́wàá. Òtítọ́ kò yí padà láàárín ìlú méjèèjì. Ẹ̀rí tí wọn kò lè fi owó tàbí orúkọ ìdílé pa mọ́ ló yàtọ̀: ìwé báńkì, ìwé ilé, ìwé iléeṣẹ́ tí wọ́n fi bo owó lójú, tí àwọn olùwádìí fi ọ̀pọ̀ ọdún tò pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má sì jẹ́ ká tan ara wa pé àwọn aláwọ̀ funfun ló mọ́ jù wá lọ. Lọ́ńdọ̀nù yìí kan náà ni owó ti rí ilé sùn. Ilé tó rà ní Hampstead, mílíọ̀nù 2.2 pọ́n-ùn ni wọ́n san lé e lórí. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n rán lọ sẹ́wọ̀n nítorí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ lọ́yà ní ìlú yìí. Àwọn àgbà ní, ẹni gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Diepreye Alamieyeseigha, gómìnà ìpínlẹ̀ Bayelsa, tí wọ́n mú níbí ní 2005, sá fún béèlì padà sílé. Ọ̀rọ̀ gbígba owó Ibori padà pàápàá, oṣù keje 2023 ni ilé-ẹjọ́ Southwark tó pàṣẹ pé kó dá mílíọ̀nù 101.5 pọ́n-ùn padà, ọdún 11 lẹ́yìn tí wọ́n ti dá a lẹ́bi. Alágbára ṣòro-ó-mú níbi gbogbo.

Nǹkan kékeré kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbọ́. Nígbà tí Ibori parí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2016, ìjọba ilẹ̀ yìí dá a dúró díẹ̀ sí i láìsí àṣẹ òfin. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì jàre. Pọ́n-ùn kan ṣoṣo ni adájọ́ fún un, ṣùgbọ́n ó fún un. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní pọ́n-ùn kan yìí. Nínú Sūratul-Mā'idah, āyah 8, Ọlọ́hun kìlọ̀ fún wa pé kí ìkórìíra tí a ní sí àwọn kan má mú wa ṣe àìṣòdodo sí wọn. Ẹni tó jẹ ìlú lówó, ó ṣì ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Bí a bá ń fẹ́ kí wọ́n ju àwọn ọ̀tá wa sẹ́wọ̀n láìgbọ́ ẹnu wọn, a kò fẹ́ ìdájọ́ òdodo. Ẹ̀san la fẹ́.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a

Bóyá ẹ ó ní, "Wọ́n rí i ṣe nítorí òyìnbó ló ṣe é." Ẹ jẹ́ ká wo Dákà ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà. Hissène Habré ṣe ààrẹ ilẹ̀ Chad láti 1982 sí 1990. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n pa, tí wọ́n sì fìyà jẹ nínú túbú lásìkò rẹ̀. Ó sá lọ sí Sẹ̀nẹ̀gà. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n há mọ́ túbú, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń jẹ́ Souleymane Guengueng, ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́hun nínú àhámọ́ pé bí òun bá jáde láàyè, òun ó wá ìdájọ́. Ó jáde, ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn tó kù sílẹ̀. Lọ́yà obìnrin kan, Jacqueline Moudeina, gbé ẹjọ́ náà lérí. Wọ́n ju àdó olóró lù ú ní 2001, ó farapa lẹ́sẹ̀, kò fi í sílẹ̀.

Ọdún 2000 ni wọ́n kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn ní Dákà. Àwọn ilé-ẹjọ́ Sẹ̀nẹ̀gà ní àwọn kò láṣẹ. Wọ́n lọ sí Bẹ́ljíọ̀mù, wọ́n dé ilé-ẹjọ́ àgbáyé ní The Hague. Níkẹyìn, ilẹ̀ Áfíríkà fúnra rẹ̀ dá ilé-ẹjọ́ àkànṣe sílẹ̀ ní Sẹ̀nẹ̀gà, ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún 2016, àwọn adájọ́ ọmọ Áfíríkà sì rán ààrẹ àná náà lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n òtítọ́ yẹn kò dá rìn. Ẹni tó kọ orúkọ sílẹ̀ ló fà á lọ́wọ́.

Kí ló kàn wá ní Barking?

Nígbà tí Ibori padà sí Oghara ní oṣù kejì 2017, pẹ̀lú ìlù àti ijó ni wọ́n fi pàdé rẹ̀. Kí á tó dá àwọn ará Oghara lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ ká bi ara wa: bó bá jẹ́ ọmọ ìlú tiwa ńkọ́? Bó bá jẹ́ òun ló san owó ilé-ìwé àbúrò wa? Nínú Sūratun-Nisā', āyah 135, Ọlọ́hun ní ká dúró ṣinṣin ti òdodo, ká jẹ́rìí nítorí Tirẹ̀, kódà bó bá lòdì sí àwa fúnra wa, sí òbí tàbí sí ìbátan, yálà olówó ni tàbí tálákà. Āyah yẹn kò yọ ọmọ Yorùbá sílẹ̀.

Ohun mẹ́rin la lè mú ṣe.

1. Ẹ má yá ẹnikẹ́ni ní àkáǹtì yín. Nínú ọ̀rọ̀ Ibori, aya rẹ̀ àti arábìnrin rẹ̀ wà lára àwọn tó ṣẹ̀wọ̀n. Ìfẹ́ ìdílé ló fà wọ́n débẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín ní kọ́lẹ́ẹ̀jì pé ẹni tó bá ní, "Jẹ́ kí owó yìí gba ọ̀dọ̀ rẹ kọjá, màá fún ọ ní díẹ̀," kì í ṣe ọ̀rẹ́. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ yìí ti ọdún 2002, ẹ̀wọ̀n irú rẹ̀ lè tó ọdún 14.

2. Ẹ bi ọ̀rẹ wò. Bí òṣèlú bá fẹ́ ra kápẹ́ẹ̀tì fún mọ́sáláṣí, tàbí tó fẹ́ rán àwọn àgbà lọ sí Hájì, ẹ bi í níbo ni owó ti wá. Ẹ rántí ọkùnrin tí Ànábì rán lọ gba sàká, tó padà dé tó ní, "Èyí ni tiyín, èyí ni wọ́n fi ta mí lọ́rẹ." Ànábì bínú, ó bèèrè pé ṣebí kí ó jókòó sílé bàbá tàbí ìyá rẹ̀, kó wá wò ó bóyá ẹnikẹ́ni yóò gbé ọ̀rẹ wá bá a.

3. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a. Wọ́n ti dá Ibori lẹ́bi olè jíjà ní ṣọ́ọ̀bù ní Lọ́ńdọ̀nù yìí ní 1991, kó tó di gómìnà rárá. Akápò ẹgbẹ́ wa, ẹni tó ń kó owó àjọ, ẹni tó ń gba owó ìsìnkú, ẹ jẹ́ kí ó máa ka ìṣirò rẹ̀ fún jàmáà. Bí a kò bá lè bi akápò ẹgbẹ́ léèrè £200, a ò lè bi gómìnà léèrè bílíọ̀nù.

4. Ẹ má jó fún olè, ẹ má sì sọ ẹni tí a kò tíì dá lẹ́jọ́ di olè. Ẹ yọwọ́ nínú oyè àti ìwúre fún owó tí ẹ mọ orísun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dẹ́kun fífi ọ̀rọ̀ tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ̀rí ni ìdájọ́ fi ń dúró.

Ìbéèrè fún ìdílé níbi ìṣínu

Kí ló dé tí āyah rìbá fi tẹ̀lé āyah ààwẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀? Nínú ògiri márùn-ún tí a kà, èwo ni ọwọ́ tiwa wà nínú rẹ̀? Bí adájọ́ bá pè ọ́ láti jẹ́rìí lórí ẹ̀gbọ́n rẹ, kí ni wàá ṣe?

Bí ọmọ yín bá tún bèèrè ní alẹ́ yìí pé kí ló dé tí wọn ò mú un, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ sọ fún un pé àwọn kan ti gbìyànjú, àwọn kan sì ti ṣe é, pé ó ṣòro nítorí pé àwa àgbà máa ń sọ pé, "Ọmọ wa ni." Lẹ́yìn náà, ẹ ka āyah 188 pa pọ̀.

Ọlọ́hun, Ọba Onídàájọ́ tí kò ṣeé fún ní rìbá, má ṣe jẹ́ kí a fi halālì ṣínu ní alẹ́ kí a fi hàráàmù tọ́ ọmọ. Fún ìlú wa ní adájọ́ tó bẹ̀rù Rẹ, fún àwọn tí wọ́n rẹ́ jẹ ní ẹ̀tọ́ wọn, fún àwọn tó jẹ̀bi ní ìrònúpìwàdà kí wọ́n tó pàdé Rẹ ní ọjọ́ Àlìkíyámọ̀. Àmín.